Wíwá lọ́yà ìkọ̀sílẹ̀ ní Kábà àti agbègbè Òkun: kí ni kéèyàn bi í kó tó sanwó?

ỌmọBùnú kọ ọ́ pé:

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Ẹni tó ń gbé Kábà, tó ṣe ìdána, tó tún ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àjọgbé náà kò sì wọ̀ mọ́, tó wá fẹ́ kí kóòtù tú u ká: irú lọ́yà wo ni kó wá? Kí ni kó bi í? Irú owó wo ni kó múra sílẹ̀ fún? Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kó lọ gbàdúrà, ìyẹn ti ṣe tán.

Akọ̀wéÀgbà dáhùn pé:

Òkun o. Kó tó wá lọ́yà rárá, kó kọ́kọ́ lọ wá ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ jáde. Irú ìgbéyàwó tó ṣe ló máa sọ kóòtù tó máa lọ, kóòtù yẹn ló sì máa sọ irú lọ́yà tó nílò.

Mẹ́ta ni ìgbéyàwó tó wà nílẹ̀ wa. Ti ìbílẹ̀ ni ìdána àti owó orí. Ẹríà kóòtù, ìyẹn kóòtù kékeré ti agbègbè, ló ń tú u ká, ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn rẹ̀ sì lè dé Kóòtù Ìbílẹ̀ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Lọ́kọ́jà. Ti Mùsùlùmí, ìyẹn nìkáà, ẹríà kóòtù náà ló ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òfin Ìsìláàmù ni wọ́n máa fi dá a. Kóòtù Ṣàríà Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni ìyẹn ń lọ. Ẹ̀kẹta ni ti òfin ìjọba, èyí tí a ṣe ní rẹ́jísìtìrì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ. Háíkọọ̀tù nìkan ló lè tú ìyẹn ká, lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní Matrimonial Causes Act, ti ọdún 1970.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ará wa ti ń kọsẹ̀ ni pé ìdána ti wáyé lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ti tẹ̀ lé e lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà wọ́n lọ sí ẹríà kóòtù, wọ́n dá owó orí padà, wọ́n gbàwé, wọ́n rò pé ó ti parí. Kò tíì parí. Ìwé ẹríà kóòtù kò lè tú ìgbéyàwó òfin ìjọba ká. Ẹni tó bá sì ti ibẹ̀ lọ ṣe ìdána lórí ẹlòmíràn, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni òfin ìgbéyàwó kọ sílẹ̀ fún un.

Nítorí náà, ẹ wo ìwé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn dáadáa. Ṣé fọ́ọ̀mù ìjọba ni, tó ní nọ́ḿbà àti ibùwọ̀lù, tàbí káàdì aláràbarà tí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ fúnra rẹ̀? Ṣọ́ọ̀ṣì kan lè ṣe ìsìn alárinrin láìní àṣẹ láti so yín pọ̀ lábẹ́ òfin. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí kò sì sí ìwé rẹ́jísìtìrì kankan níwájú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan ló dúró. Lọ́yà tí kò bá béèrè ìwé yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

ẸgbọnÌyàrá dáhùn pé:

Èmi rò pé tí mọ̀lẹ́bí méjèèjì bá ti jókòó, tí wọ́n sì ti dá owó orí padà, kò sí ìgbéyàwó mọ́. Kí ni kóòtù tún fẹ́ ṣe?

Akọ̀wéÀgbà dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n, fún ti ìbílẹ̀ nìkan, ọ̀rọ̀ yín súnmọ́ òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kóòtù ló dára jù láti fi dá a lójú, torí pé àwọn tó jókòó níbi ìpàdé yẹn lè ti kú kí ọ̀rọ̀ ogún tó dé. Fún ti òfin ìjọba, ìpàdé mọ̀lẹ́bí kò tú nǹkan kan ká. Pásítọ̀ náà kò lè tú u ká. Bí ọkùnrin náà bá kú lọ́la láìsí ìwé háíkọọ̀tù, ìyàwó tí wọ́n ti dá owó orí rẹ̀ padà ṣì ni opó rẹ̀ lójú òfin.

Lọ́yàÀdúgbò dáhùn pé:

Àlàyé yẹn pé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń yẹ lọ́yà wò.

Orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò ní Kóòtù Tó Ga Jùlọ. Ẹ lè wá a lórí ìkànnì wọn. Ẹ béèrè ọdún tí wọ́n pè é sí iṣẹ́ àti nọ́ḿbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SCN. Lọ́yà tó bá san owó iṣẹ́ ọdọọdún rẹ̀ ló máa ń ní sítáḿpù NBA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni gbèdéke owó náà lọ́dọọdún. Orúkọ rẹ̀ àti nọ́ḿbà yẹn máa wà lójú sítáḿpù. Kò burú láti ní kó fi hàn yín. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn ti dá yín lóhùn.

Ẹ tún wo ibùwọ̀lù. Láti ìgbà ẹjọ́ Okafor pẹ̀lú Nweke ní 2007, Kóòtù Tó Ga Jùlọ ti sọ pé ìwé ẹjọ́ tí a bá fi orúkọ ilé-iṣẹ́ lọ́yà buwọ́ lù, láìsí orúkọ ènìyàn kan pàtó tó jẹ́ agbẹjọ́rò, òfo ni. Ẹ lè jà fún ọdún méjì, kí lọ́yà ẹnìkejì wá dìde lọ́jọ́ kan kó sọ pé ìwé tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ kò ní ìtumọ̀, kí adájọ́ sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà gbogbo ìwé tó bá fi sílẹ̀, kí ẹ fi ojú ara yín wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó kẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi í pé mélòó nínú ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ní háíkọọ̀tù ló ti ṣe dé orí ìdájọ́. Lọ́yà tó mọ̀ nípa ilẹ̀ àti bélì lè má tíì fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù ìkọ̀sílẹ̀ rí. Àdánwò kan wà tí mo fẹ́ràn: ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín fún un, kí ẹ sì dákẹ́. Tí kò bá bi yín ní ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pọ̀, gbogbo ibi tí ẹ gbé, ọjọ́ tí ẹ pínyà, orúkọ àti ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti bóyá ẹjọ́ kan ti wà rí láàárín yín, kò mọ iṣẹ́ yìí. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ wà nínú pẹtíṣọ̀n, ìyẹn ìwé tó ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

Òfin tún ní kó bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìlàjà, kó sì buwọ́ lu ìwé kan pé òun ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má rò pé ó ń fi àkókò yín ṣòfò.

ỌmọBùnú dáhùn pé:

Ẹ ṣé o. Ṣé lọ́yà Kábà ló dára jù tàbí ti Lọ́kọ́jà? Àwọn kan ní ti ilé máa ń mọ ẹnìkejì, pé àṣírí lè tú.

ÌyáMọ̀pà dáhùn pé:

Tèmi ni pé kó mú ti ìtòsí. Kì í ṣe torí pé ó gbọ́n jù. Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ ọjọ́ kan. Ìgbà mélòó ni lọ́yà Lọ́kọ́jà máa gba ọ̀nà Obájànà wá sí Kábà? Gbogbo ìgbà tó bá wá, owó ìrìnnà ni, àti owó ìfarahàn ní kóòtù. Tó bá gbọ́ pé ọ̀nà kò dára lọ́jọ́ yẹn, ó máa kọ lẹ́tà sí kóòtù kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, èyí tó túmọ̀ sí oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́yà ìtòsí lè lọ bá akọ̀wé kóòtù lówùúrọ̀ láti mọ̀ bóyá adájọ́ máa jókòó.

Lọ́yàÀdúgbò dáhùn pé:

Màmá, òótọ́ ni, àmọ́ ìbẹ̀rù ỌmọBùnú náà ní ìdí. Ìlú kékeré ni ìlú wa. Kí ẹ tó tú ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ẹnìkejì fún lọ́yà náà, kí ẹ béèrè bóyá ó ti ṣiṣẹ́ fún un rí, tàbí fún mọ̀lẹ́bí rẹ̀, tàbí bóyá òun ló kọ ìwé ilẹ̀ tí ilé yín wà lórí rẹ̀. Tó bá ti gbọ́ àṣírí ẹnìkejì rí, kò gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ yín. Lọ́yà kan kò sì lè dúró fún ẹ̀yin méjèèjì, kódà tí ẹ bá ti fẹnu kò. Tí ọ̀kan bá ní "kí lọ́yà ọkọ mi bá wa ṣe é pọ̀", lọ́yà ọkọ ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun mìíràn ni pé òfin ìkọ̀sílẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá fi Nàìjíríà ṣe ibùgbé tòótọ́ lè pẹjọ́ ní háíkọọ̀tù ìpínlẹ̀ èyíkéyìí. Tí ẹnìkejì bá ń gbé Àbújá, ó lè rọrùn láti pẹjọ́ níbẹ̀ ju kí ẹ pè é wá sí Kábà. Ẹ bi lọ́yà yín kó tó fi ìwé sílẹ̀.

OnírìsíìtìÒkun dáhùn pé:

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni ìjà máa ń wà jù.

"Owó lọ́yà" kì í ṣe owó kan ṣoṣo. Owó iṣẹ́ rẹ̀ wà. Owó tí kóòtù ń gbà nígbà tí ẹ bá ń fi ìwé sílẹ̀ wà. Ìjọba ló ni ìyẹn, ó sì ní rìsíìtì tirẹ̀. Owó bélífù tó máa gbé ìwé lọ bá ẹnìkejì tún wà. Owó ìfarahàn fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan wà, pẹ̀lú owó ìrìnnà. Níkẹyìn, owó ẹ̀dà tí kóòtù fọwọ́ sí. Tí lọ́yà bá dárúkọ owó kan tó ní gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ ní kó kọ gbogbo ẹ̀ka wọ̀nyí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fi àmì sí èyí tó wà nínú rẹ̀ àti èyí tí kò sí.

Kí ìwé àdéhùn sọ ohun mẹ́ta yìí pàápàá: ṣé ọ̀rọ̀ ọmọ àti ti ilé wà nínú owó náà, tàbí ìkọ̀sílẹ̀ nìkan? Tí ẹnìkejì bá gbé ẹjọ́ tirẹ̀ dìde, ṣé owó tuntun ni? Tí ẹjọ́ bá lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn kò ka kò-tẹ́-mi-lọ́rùn mọ́ ọn, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀.

Ẹ má san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìpín tó dára ni ìlàjì nígbà tí ẹ bá fún un níṣẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin nígbà tí ìgbẹ́jọ́ bá bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin tó kù lẹ́yìn ìdájọ́. Bí àpẹẹrẹ, tí ẹ bá fẹnu kò sí N400,000, ó máa jẹ́ N200,000, N100,000 àti N100,000, láìka owó kóòtù. Sísan gbogbo rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ló ń mú kí lọ́yà gbàgbé yín. Àìsan tó náà ló ń mú kó fi ìwé yín sí abẹ́ ìwé àwọn ẹlòmíràn. Gba rìsíìtì ní gbogbo ìgbà, kódà tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ yín. Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ilé-iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ti akọ̀wé rẹ̀.

Ẹ sá fún àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kóòtù pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá. "Mo mọ adájọ́" ni ọ̀rọ̀ wọn. Mímọ adájọ́ kò sí nínú òfin.

ẸgbọnÌyàrá dáhùn pé:

Tí èèyàn bá fẹ́ yí lọ́yà padà láàárín ọ̀nà ńkọ́?

Lọ́yàÀdúgbò dáhùn pé:

Ẹ lè yí i padà nígbàkígbà. Lọ́yà tuntun máa fi ìwé ìyípadà agbẹjọ́rò sílẹ̀ ní kóòtù. Àmọ́ ẹni àtijọ́ ní ẹ̀tọ́ láti di ìwé yín mú títí ẹ ó fi san gbèsè tó kù. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ máa gba ẹ̀dà níbẹ̀rẹ̀. Tó bá fẹ́ pè yín lẹ́jọ́ lórí owó, ó gbọ́dọ̀ kọ bílì sí yín, kó sì dúró oṣù kan. Tó bá gba owó tí kò ṣiṣẹ́, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka NBA rẹ̀. Ẹ̀sùn tó bá le máa dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bá agbẹjọ́rò wí, àwọn tó lè yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́.

Akọ̀wéÀgbà dáhùn pé:

Ẹ padà sí ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Tí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún méjì, ẹ kò sábà lè pẹjọ́ láìgba àṣẹ kóòtù lákọ̀ọ́kọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìyà tàbí ìwà ìbàjẹ́ tó ju ti wọ́pọ̀ lọ ni. Tó bá ti ju ọdún méjì lọ, ohun kan ṣoṣo ni ẹ máa sọ: pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ débi pé kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n kóòtù fẹ́ ẹ̀rí lára àwọn ìdí tí òfin kà sílẹ̀. Mẹ́jọ ni. Èyí tí a sábà ń lò níbí ni àgbèrè, ìwà tí kò ṣeé fara dà, kíkọ̀ sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko, ìyapa ọdún méjì tí ẹnìkejì kò tako ìkọ̀sílẹ̀ náà, àti ìyapa ọdún mẹ́ta bí ẹnìkejì bá tilẹ̀ tako ó.

Lọ́yà tó gbọ́n máa yan ìyapa tó bá wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi àgbèrè pẹjọ́, kó mọ̀ pé bó bá ti dárúkọ ẹnìkan, ẹni yẹn náà máa di olùjẹ́jọ́, wọ́n máa gbé ìwé fún un, ó máa gba lọ́yà tirẹ̀. Ẹjọ́ tó yẹ kó jẹ́ ti ẹni méjì di ti ẹni mẹ́ta. Tí ẹ bá sì ti mọ̀ nípa rẹ̀, tí ẹ dárí jì í, tí ẹ tún ń sùn pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ìdáríjì yẹn lè pa ìdí náà rẹ́.

Lórí ẹ̀rí: ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ẹ tẹ̀ jáde kò tó láti gbé dé kóòtù lásán. Abala 84 ti òfin ẹ̀rí 2011 ń béèrè ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́ àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rí ló ti bọ́ sílẹ̀ torí èyí. Ẹ má sì ja pásíwọọ̀dù ẹnìkejì láti wọ fóònù rẹ̀. Ìyẹn lè di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀ fún ẹ̀yin. Ìwé dókítà, ìwé àgọ́ ọlọ́pàá, ìwé báǹkì, ìwọ̀nyí máa ń dúró.

ÌyáMọ̀pà dáhùn pé:

Ẹ tún sọ ti ọmọ. Àwọn kan níbí ṣì gbà pé baba ló lọmọ, pé ìyá kò ní ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Lọ́yàÀdúgbò dáhùn pé:

Lójú háíkọọ̀tù, ire ọmọ ló ga jù. Kò sí òfin tó ní kí baba gbà á, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó ní kí ìyá gbà á. Adájọ́ máa béèrè ibi tí ọmọ ń gbé báyìí, ilé-ìwé rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹni tó lè sanwó. Ẹ má kó ọmọ sá lọ sí Ìlọrin ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ pẹjọ́. Ó máa ń dà bí ìwà ẹni tí kò ṣeé fọkàn tán. Ẹ lè béèrè owó ìtọ́jú kódà kí ẹjọ́ tó parí, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mú ìwé wá nípa ohun tí ọmọ ń ná lóṣù: owó ilé-ìwé, oúnjẹ, oògùn.

Ní ti ilé, kóòtù lè pín dúkìá bó ti tọ́, àmọ́ ẹni tó ní òun fi owó sí i gbọ́dọ̀ fi hàn. Rìsíìtì símẹ́ǹtì, owó tó jáde ní báǹkì, orúkọ lójú ìwé ilẹ̀. Ilẹ̀ tó jẹ́ ti ìdílé, tí wọ́n kan pín àyè fún ọkọ láti kọ́lé sí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Ẹ kò lè gba ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, àmọ́ ẹ lè sọ̀rọ̀ nípa owó tí ẹ fi kọ́lé.

OnírìsíìtìÒkun dáhùn pé:

Kí ni ohun tó máa ń fa ẹjọ́ gùn? Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ wa, kó má rò pé oṣù mẹ́ta ni.

Akọ̀wéÀgbà dáhùn pé:

Bélífù tí kò rí ẹnìkejì ló máa ń jẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ pẹjọ́ kò lè fi ọwọ́ ara yín fún un ní ìwé. Tó bá ń sá, lọ́yà máa béèrè àṣẹ láti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn tàbí kó fi ránṣẹ́ sí i ní ọ̀nà míì, ìyẹn náà ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tirẹ̀. Àdírẹ́sì tó péye, nọ́ḿbà fóònù, ibi iṣẹ́: ẹ fún lọ́yà ní gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá gba ìwé, ọjọ́ 28 ló ní láti dáhùn.

Lẹ́yìn náà, adájọ́ lè lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn láti gbọ́ ẹjọ́ ìdìbò, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù mìíràn. Tí ẹ̀rí ti bẹ̀rẹ̀ kó tó lọ, adájọ́ tuntun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ìsinmi kóòtù wà láàárín ọdún. Ìyanṣẹ́lódì òṣìṣẹ́ kóòtù náà wà. Ní 2021, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn pa fún nǹkan bí oṣù méjì. Lọ́yà kankan kò lè ṣèdíwọ́ fún ìwọ̀nyí, nítorí náà, ẹni tó bá fi ọjọ́ ìparí dá yín lójú, irọ́ ló ń pa.

ỌmọBùnú dáhùn pé:

Tí kò bá lówó lọ́wọ́ rárá ńkọ́? Ẹnìkan tún béèrè fún àbúrò rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù: ṣé ó lè fún ẹlòmíràn láṣẹ kó bá a ṣe é?

Lọ́yàÀdúgbò dáhùn pé:

Fún àwọn tí owó wọn kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀, ìyẹn N70,000 láti 2024, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà, ní ọ́fíìsì ní Lọ́kọ́jà. Ẹ mú ẹ̀rí owó wọlé lọ, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n gba irú ẹjọ́ yín. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin, FIDA, náà wà ní Kogí, ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú ọmọ ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ìyá.

Ní ti ẹni tó wà lókè òkun, ó lè fún lọ́yà níṣẹ́ láti ibẹ̀, kó sì buwọ́ lùwé ìbúra níbẹ̀ níwájú ẹni tí òfin gbà. Ohun tó ń pọ́n àwọn èèyàn lójú ni ẹ̀rí. Kò sí ẹni tó lè fi ìwé àṣẹ jẹ́rìí nípò rẹ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Kí lọ́yà ti gbé ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ náà kalẹ̀ ní àkókò tó lè wálé, tàbí kó béèrè àṣẹ kóòtù pé kó jẹ́rìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

ẸgbọnÌyàrá dáhùn pé:

Tí adájọ́ bá ti sọ pé òun ti tú u ká, ṣé ó ti tán nìyẹn?

Akọ̀wéÀgbà dáhùn pé:

Ó ku kékeré, ẹ̀gbọ́n. Ohun tó kọ́kọ́ ń jáde ni decree nisi, ìyẹn àṣẹ ìkọ̀sílẹ̀ tí kò tíì fìdí múlẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ló ń di decree absolute, àṣẹ ìkẹyìn tó tú ìgbéyàwó ká pátápátá, tí kò bá sí ìdíwọ́. Níbi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà, adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìtẹ́lọ́rùn pé ètò fún un ti wà. Ẹni tó bá lọ fẹ́ ẹlòmíràn láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ìgbéyàwó tuntun náà kò dúró. Lọ́yà púpọ̀ máa ń dákẹ́ sí i lẹ́yìn decree nisi, torí owó ti tán. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé decree absolute ló ń parí iṣẹ́ rẹ̀, kí ìdá owó tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ yín títí di ọjọ́ yẹn. Ẹ gba ẹ̀dà tí kóòtù fọwọ́ sí, mẹ́ta ó kéré tán: ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún báǹkì tàbí ibi iṣẹ́, ọ̀kan fún rẹ́jísìtìrì lọ́jọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ fẹ́ ẹlòmíràn.

ỌmọBùnú dáhùn pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ti lọ wá ìwé ìgbéyàwó náà jáde: fọ́ọ̀mù ìjọba ni, nọ́ḿbà wà lórí rẹ̀. Háíkọọ̀tù ni nígbà náà. Àwọn lọ́yà méjì ló fẹ́ lọ bá lọ́jọ́ Ajé, kó wo èyí tó máa kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí wọ́n pínyà.